Ààrò Mẹ́ta Kì í Dọbẹ̀ Nù: Ẹgbẹ́ BLO àti Ipò Orin Rọ́ọ̀kì nínú Ìtàn Orin Yorùbá, 1972–1982

Ìfáàrà

Bí a bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ Yorùbá ka àwọn ẹ̀yà orin ìgbàlódé tó gbilẹ̀ láàárín Yorùbá, kò ní jìnnà kó tó dárúkọ jùjú, àpàlà, sákárà, wákà àti fújì. Yóò mẹ́nu ba Túndé King, Yusuf Ọlátúnjí, Hárúnà Ìṣọ̀lá, Sikiru Àyìndé Barrister àti Sàláwà Àbẹ̀ní. Bí ó bá tún lawọ́ sí i, yóò fi Fẹlá Aníkúlápò-Kútì kún wọn. Orin rọ́ọ̀kì kì í sábà sí nínú kíkà yìí. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń rò ni pé orin òyìnbó lásán ni, pé àwọn ọ̀dọ́ ìlú ńlá kàn sín in jẹ fún ìgbà díẹ̀, àti pé ó kọjá lọ láìfi ohunkóhun sílẹ̀.

Àpilẹ̀kọ yìí yẹ èrò náà wò nípasẹ̀ ìtàn ẹgbẹ́ kan ṣoṣo. Ẹgbẹ́ náà ni BLO, tí àwọn ọkùnrin mẹ́ta dá sílẹ̀ ní Èkó ní òpin ọdún 1972, tó sì wà títí di ọdún 1982. Ìbéèrè mẹ́ta ni a fẹ́ dáhùn. Èkínní, irú ìlú wo ló tọ́ wọn dàgbà nínú iṣẹ́ orin? Èkejì, kí ló mú kí ìgbékalẹ̀ ẹgbẹ́ wọn yàtọ̀ sí ti ẹgbẹ́ jùjú, kí sì ni ìyàtọ̀ yẹn ná wọn? Ẹ̀kẹta, ibo ni ìmọ̀ tí wọ́n kó jọ gbà lọ lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ tú ká? Èrò tí a gbé kalẹ̀ ni pé ìtàn BLO jẹ́ apá kan ìtàn orin Yorùbá. Kì í ṣe pé a fẹ́ sọ pé jùjú ni wọ́n kọ tàbí pé èdè Yorùbá ni wọ́n fi kọ gbogbo orin wọn. Ohun tí à ń sọ ni pé ìmọ̀ wọn padà wọ inú jùjú gan-an, àti pé ẹni tó bá yọ wọ́n kúrò nínú ìtàn kò ní lè ṣàlàyé dáadáa bí jùjú ṣe yí padà ní òpin àwọn ọdún 1980.

Èkó àti gìtá ṣáájú BLO

Gìtá kì í ṣe àlejò nínú orin Yorùbá nígbà tí BLO dé. Ní àwọn ọdún 1930 ni Túndé King ti ń fi gìtá-báńjò kọ jùjú ní Èkó. Ní òpin àwọn ọdún 1940, Àyìndé Bákàrè so gìtá rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn, gángan náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú ẹgbẹ́ jùjú ní àkókò yẹn. Nígbà tí Ebenezer Obey dá International Brothers sílẹ̀ ní 1964, gìtá oníná ti di ọmọ onílé. Ohun tó jẹ́ tuntun lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ rọ́ọ̀kì kì í ṣe ohun èèlò náà, bí kò ṣe ìlò rẹ̀. Nínú jùjú, gìtá ń bá ohùn àti ìlù sọ̀rọ̀. Ó ń gbè, ó ń dáhùn, ó sì ń fi àyè sílẹ̀ kí olórin lè rí ènìyàn kì. Nínú rọ́ọ̀kì, gìtá lè gba iwájú fún ìgbà pípẹ́. Ẹni tó ń ta á a máa fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ kékeré kan tí ń yí ohùn rẹ̀ padà, títí yóò fi máa han gooro tàbí kó máa kùn bí oyin.

Ohun mẹ́ta ló ṣí ọ̀nà fún irú ìlò bẹ́ẹ̀ ní Èkó. Àkọ́kọ́ ni rédíò àti àwo orin tí ń ti òkè òkun wọlé. Nípasẹ̀ wọn ni àwọn ọmọ ilé-ìwé gíga fi gbọ́ orin àwọn Beatles àti Rolling Stones, tí wọ́n sì dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Èkejì ni dídé Geraldo Pino, olórin ọmọ ilẹ̀ Sàró tó kó ẹgbẹ́ rẹ̀, Heartbeats, wá sí Nàìjíríà ní àárín àwọn ọdún 1960. Orin onílù líle tó jọ ti James Brown ni ó ń kọ, àwọn ohun èèlò rẹ̀ sì gbóná ju ti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ Èkó lọ. Fẹlá fúnra rẹ̀ jẹ́rìí pé Pino mi òun lẹ́sẹ̀. Nígbà tí James Brown wá sí Nàìjíríà ní ọdún 1970, ilẹ̀ ti rọ̀ fún un. Ẹ̀kẹta ni ogun abẹ́lé, láti 1967 sí 1970. Ọ̀pọ̀ olórin háíláìfù tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó jẹ́ ọmọ Ìlà-Oòrùn. Nígbà tí ogun lé wọn padà sílé, àyè ṣí sílẹ̀ ní àwọn gbọ̀ngàn àti ilé fàájì. Jùjú gba apá kan nínú àyè náà, àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ sì gba apá kejì. Jùjú ìgbàlódé àti rọ́ọ̀kì Èkó jẹ́ ọmọ ìyá kan náà lọ́nà yìí, nítorí pé àlàfo kan náà ni àwọn méjèèjì wọ̀.

Láti Clusters dé Salt

Clusters ni orúkọ ẹgbẹ́ tí Berkley Jones, tó ń ta gìtá, àti Laolu Akintobi, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Laolu Akins, tó ń lu ìlù òyìnbó, ti kọ́kọ́ gbajúmọ̀. Orin àwọn Beatles àti ti ẹgbẹ́ òkè òkun mìíràn ni wọ́n ń kọ ní àkọtúnkọ. Wọ́n ṣe é débi pé àwọn ènìyàn ń pè wọ́n ní Beatles ilẹ̀ Nàìjíríà. Fún ìgbà díẹ̀, Geraldo Pino gbà wọ́n gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ tí ń gbè é lẹ́sẹ̀.

Níbí yìí ni àwọn tó ń pe rọ́ọ̀kì Èkó ní àfarawé ti máa ń dúró sí, wọn a ní ẹ̀rí ti dé. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ojú àṣà Yorùbá wo ọ̀rọ̀ náà, ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí ìtàn ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Àyàn kì í jókòó kọ ìlù tirẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ̀yìn bàbá rẹ̀ ni yóò wà, ohun tí bàbá lù ni yóò máa lù, títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi là. Ọmọ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ kì í rọ ọkọ́ tí ẹnikẹ́ni kò rí rí. Àfarawé ni ilé-ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ ọwọ́ Yorùbá, kò sì sí ẹni tó ń ka àfarawé ọmọ iṣẹ́ sí àìní ọgbọ́n. Ìbéèrè tó tọ́ ni ohun tí ọmọ iṣẹ́ ṣe lẹ́yìn tó gba òmìnira.

Ní òpin àwọn ọdún 1960, Jones àti Akins fi Clusters sílẹ̀, wọ́n sì bá àwọn ìbejì Lijadu, Táíwò àti Kẹ́hìndé, dá Afrocollection sílẹ̀. Jos ni a ti bí àwọn ìbejì náà ní 1948, Ìbàdàn sì ni wọ́n dàgbà sí. Afrocollection kò fẹ́ máa kọ orin ẹlòmíràn mọ́. Wọ́n ń wá ọ̀nà láti gbé ìró ìlù ilé sí abẹ́ gìtá oníná.

Àsìkò yẹn náà ni Ginger Baker wọ Nàìjíríà. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, òun ló sì ń lu ìlù nínú ẹgbẹ́ Cream, ọ̀kan lára àwọn ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì tó lókìkí jù ní ayé láàárín 1966 sí 1968. Ìfẹ́ ìlù Áfíríkà ló gbé e wá, ó sì di ọ̀rẹ́ Fẹlá, tí wọ́n jọ ṣe àwo Live! tó jáde ní 1971. Lára àwọn ọmọ Afrocollection ni Baker ti ṣa àwọn tó fi dá ẹgbẹ́ Salt sílẹ̀. Salt rin ìrìn-àjò orin lọ sí Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ní 1972, wọ́n sì ṣeré ní Munich, ní Jámánì, ní àsìkò ìdíje Òlíńpíìkì ọdún náà. Ẹgbẹ́ náà kò pẹ́ tó fi tú ká. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ tó bá a lọ ti rí i pé ẹni tí wọ́n ń fara wé tẹ́lẹ̀ ti rin ọ̀nà jíjìn wá fara wé tiwọn.

Lẹ́tà mẹ́ta, orúkọ mẹ́ta

Lẹ́yìn Salt, Jones, Akins àti Mike Odumosu, tó ń ta gìtá béèsì, parapọ̀. Oṣù Ọ̀pẹ́ 1972 ni àwọn ará Èkó kọ́kọ́ rí wọn lórí ìtàgé gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ kan. Orúkọ tí wọ́n fún ẹgbẹ́ náà rọrùn: B ni Berkley, L ni Laolu, O sì ni Odumosu.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí orúkọ yìí, nítorí Yorùbá gbà pé orúkọ ń ro ènìyàn. Nínú jùjú, ẹni kan ló ń jẹ́ orúkọ, àwọn yòókù sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ebenezer Obey àti àwọn International Brothers rẹ̀ ni à ń pe ẹgbẹ́ Obey. Ọ̀gá ló ń gba iṣẹ́, òun ló ń ra ohun èèlò, òun ló ń sanwó fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́, òun náà sì ni wọ́n ń ná owó fún lóde. Bí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá bínú lọ, ọ̀gá yóò wá ẹlòmíràn, orúkọ kò ní yí padà. Ìgbékalẹ̀ yìí jọ ti ilé ńlá tó ní baálé kan.

Ìgbékalẹ̀ BLO kò rí bẹ́ẹ̀. Orúkọ wọn kò ní ọ̀gá nínú. Bí a bá yọ lẹ́tà kan, orúkọ ti fọ́. Ó jọ ohun tí àwọn àgbà rí nígbà tí wọ́n ní ààrò mẹ́ta kì í dọbẹ̀ nù. Ìkòkò lórí ààrò mẹ́ta dúró gbọn-in nítorí pé ẹrù pín dọ́gba, kò sí èyí tó ga ju èkejì lọ. Òwe náà kò sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá yọ ààrò kan kúrò, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó ti dáná igi rí ló mọ̀ ọ́n. Agbára BLO àti àìlera rẹ̀ ti wà nínú lẹ́tà mẹ́ta yìí láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìgbékalẹ̀ náà tún hàn nínú orin wọn. Ẹgbẹ́ jùjú ńlá a máa ní ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kálukú ní iṣẹ́ kékeré kan tó ń ṣe, àpapọ̀ iṣẹ́ wọn ló sì ń di orin. Nínú ẹgbẹ́ ẹni mẹ́ta, kò sí ibi ìsápamọ́sí. Gìtá béèsì ni yóò di ìyá ìlù mú, ìlù òyìnbó ni yóò ṣe iṣẹ́ omele mẹ́ta tàbí mẹ́rin, gìtá ni yóò sì kún gbogbo òfìfo tó kù. Ẹni tó bá fetí sí ìlù Laolu Akins yóò rí i pé kì í kàn ka iye ẹsẹ̀ bí àwọn onílù òkè òkun. Ọwọ́ kan ń di ìpìlẹ̀ mú, èkejì ń dá a lóhùn, gẹ́gẹ́ bí omele ṣe ń gbè lẹ́sẹ̀ ìyá ìlù.

Àwọn àwo BLO

EMI ilẹ̀ Nàìjíríà ló gbé àwo ńlá wọn àkọ́kọ́, Chapter One, jáde ní 1973. Apápá, lẹ́bàá èbúté, ni EMI ti ń gba ohùn sílẹ̀ nígbà náà. Ilé ìgbohùnsílẹ̀ mìíràn tí àwọn olórin rọ́ọ̀kì mọ̀ ni ARC, tí Ginger Baker kọ́ sí Ìkejà, tó sì ṣí ní ìbẹ̀rẹ̀ 1973. Ẹni tó bá dúró ní Ojota lónìí, tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, apá Ìkejà yẹn ló ń wò. Bó bá sì kọjú sí gúúsù, ọ̀nà Ìkòròdú ni yóò gbé e sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìhà òkun àti Apápá. Àárín ibi méjèèjì yìí ni púpọ̀ nínú orin rọ́ọ̀kì Èkó ti wáyé.

Ní 1973 kan náà, Paul McCartney, tó ti wà nínú Beatles, kó ẹgbẹ́ rẹ̀, Wings, wá sí Èkó láti gba àwo Band on the Run sílẹ̀. EMI ní Apápá ni ó ti ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà, wọ́n sì ṣe orin kan ní ARC. Fẹlá fẹ̀sùn kàn án pé ó wá jí orin Áfíríkà kó, McCartney sì ní láti jẹ́ kó gbọ́ ohun tó ti gbà sílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó rọlẹ̀. Àwọn tí Clusters ti fi gbogbo ìgbà ọ̀dọ́ wọn fara wé wá di ẹni tí wọ́n ń fura sí pé ó fẹ́ fara wé Èkó. Ìṣẹ̀lẹ̀ yìí fi hàn pé ọ̀nà àfarawé kì í ṣe ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan.

Chapter One ni àwo tó sún mọ́ rọ́ọ̀kì jù nínú gbogbo iṣẹ́ BLO. Gìtá Berkley Jones ló gba iwájú, pẹ̀lú ohùn rẹ̀ tí ń kùn, tí ó sì ń fà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni orúkọ àwọn orin inú rẹ̀, bíi "Preacher Man", "Time to Face the Sun" àti "Chant to Mother Earth". Orúkọ tó gbẹ̀yìn yìí yẹ fún àkíyèsí. Kíképe Ilẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyá, kí á sì fi ohùn adúra tàbí ohùn ìbà pè é, kì í ṣe ohun àjèjì sí Yorùbá tó máa ń júbà Ilẹ̀ kí ó tó dáwọ́ lé ohunkóhun. Ní àkókò kan náà, àwọn ọ̀dọ́ òkè òkun náà ń sọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ìṣẹ̀dá nínú rọ́ọ̀kì tiwọn. Kò sí ìdí tó fi yẹ kí a yan ọ̀kan nínú ìtumọ̀ méjèèjì. Ìta méjì ni orin náà ń bá sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ipa wọn kò mọ sórí àwo tiwọn nìkan. Ní 1973 ni Ofege, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé St. Gregory's College ní Èkó, ṣe Try and Love fún EMI lábẹ́ ìdarí Odion Iruoje. Berkley Jones wà lára àwọn àgbà olórin tó bá wọn ta gìtá nínú àwo náà. Láàárín ọdún kan, ọmọ iṣẹ́ ti di ẹni tí ń kọ́ àwọn mìíràn níṣẹ́.

Láti EMI, BLO lọ sọ́dọ̀ Afrodisia, àmì àwo ilé-iṣẹ́ Decca ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe Phase 2 àti Step Three ní àárín àwọn ọdún 1970. Ìró orin wọn ti ń yí padà nígbà náà. Gìtá rẹlẹ̀ díẹ̀, béèsì àti ìlù ló wá síwájú, orin sì di ti oníjó ju ti afetígbọ́ lọ.

Owó, ẹ̀rọ àti òde àríyá

Ìbéèrè kan máa ń wá sọ́kàn: bí àwọn ènìyàn yìí bá mọ iṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí wọn kò gbilẹ̀ bí Obey tàbí Sunny Adé? Ìdáhùn tó rọrùn ni pé àwọn ènìyàn kò fẹ́ràn rọ́ọ̀kì. Ìdáhùn tó jinlẹ̀ wà nínú bí owó ṣe ń rìn.

Òde ni jùjú ti ń jẹun. Ìsìnkú àgbà, ìsọmọlórúkọ, ìṣílé, ìwúyè: olóde ló ń pe olórin, ó sì ń san iye kan. Ṣùgbọ́n owó gidi ń bọ̀ lẹ́yìn náà, nígbà tí olórin bá dárúkọ àlejò, tó kì í, tó mẹ́nu ba ìdílé rẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀, tí ẹni náà sì dìde jó, tó ń lẹ owó mọ́ olórin níwájú orí. Oríkì ni ẹ̀rọ tí ń fa owó jáde lápò. Fún ẹ̀rọ yìí láti ṣiṣẹ́, ohun mẹ́ta gbọ́dọ̀ wà: èdè tí àlejò gbọ́ dénú, orin gígùn tó láyè fún orúkọ, àti olórin kan tí ojú gbogbo ènìyàn wà lára rẹ̀.

BLO kò ní ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ púpọ̀ nínú orin wọn. Ibi tí jùjú ti ń ki ènìyàn ni gìtá wọn ti ń sọ̀rọ̀, gìtá kò sì dárúkọ bàbá ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá kan kò sì sí tí a lè lẹ owó mọ́ níwájú orí. Owó ẹnu-ọ̀nà gbọ̀ngàn, ilé ijó àti àwo ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé, àwọn ọ̀dọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ló sì pọ̀ jù nínú àwọn olùgbọ́ wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ lè fẹ́ràn orin dé ọ̀run, kò ní owó tí yóò ná bí olówó tó ń sìnkú bàbá rẹ̀.

Èyí tún kan ọ̀rọ̀ òmìnira. BLO dá dúró ní ti pé wọn kò sin ọlọ́lá kankan, wọn kò sì ki ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó jẹun. Ṣùgbọ́n òmìnira yẹn ní ààlà. Ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ àti ẹ̀rọ tí ń tẹ àwo wà lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó ti òkè òkun wá. Sunny Adé rí owó tó fi dá ilé-iṣẹ́ àwo tirẹ̀ sílẹ̀ ní àárín àwọn ọdún 1970, nítorí òde ń gbé owó fún un lójoojúmọ́. Ẹni tó ń ki olówó wá di ẹni tó ní àwo tirẹ̀, ẹni tó kọ̀ láti ki olówó sì ní láti máa lọ kan ilẹ̀kùn ilé-iṣẹ́. Èyí kì í ṣe àbùkù fún ẹgbẹ́ méjèèjì. Ó kàn fi hàn pé oríkì, tí a sábà ń kọ́ gẹ́gẹ́ bí lítíréṣọ̀ nìkan, jẹ́ ìpìlẹ̀ ọrọ̀ ajé orin Yorùbá pẹ̀lú. Orin tí kò ní oríkì nínú ló jẹ́ kí a rí èyí kedere.

Nígbà tí O lọ

Ní àárín àwọn ọdún 1970, Mike Odumosu fi Èkó sílẹ̀ lọ bá Osibisa ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹgbẹ́ tí Teddy Osei, ọmọ Gánà, dá sílẹ̀ ní 1969. Osibisa ló lókìkí jù nígbà náà nínú àwọn ẹgbẹ́ Áfíríkà tó wà ní Yúróòpù, kò sì sí ẹni tó lè bá Odumosu wí. Ṣùgbọ́n ààrò kan ti yẹ̀ kúrò lábẹ́ ìkòkò.

Biddy Wright ni wọ́n fi dí àlàfo náà. Ẹni tó mọ ohun èèlò púpọ̀ lò ni, òun náà ló tò ọ̀pọ̀ orin àwọn ìbejì Lijadu nínú àwọn àwo tí wọ́n ṣe fún Afrodisia láti Danger ní 1976 títí dé Horizon Unlimited ní 1979. Orúkọ BLO kò yí padà bí lẹ́tà ìgbẹ̀yìn kò tilẹ̀ ní olówó mọ́. Láti ìgbà yìí ni orúkọ náà ti di àmì ọjà, tí kì í ṣe àdéhùn ẹni mẹ́ta mọ́.

Phase IV tẹ̀ lé e. Ní 1979, Bulky Backside, tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, jáde. Dísíkò ló gba ayé nígbà náà, àwo náà sì fi gbogbo ara bọ́ sínú rẹ̀. Back in Time, ní 1982, ni ó gbẹ̀yìn. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹgbẹ́ tú ká. Ọdún mẹ́wàá gbáko ni wọ́n lò. Nínú iṣẹ́ tí kò ní baálé, tí kò sì ní olóde, ọdún mẹ́wàá kì í ṣe kékeré.

Láti BLO dé Ace

Bí ìtàn bá parí síbí, àwọn tó ń sọ pé rọ́ọ̀kì kọjá lọ láìfi nǹkan sílẹ̀ lè sọ pé àwọn jàre. Ṣùgbọ́n Laolu Akins kò fi iṣẹ́ orin sílẹ̀. Ó kúrò lẹ́yìn ìlù, ó lọ jókòó sídìí ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀, ó di pùródúsà, ẹni tí ń darí bí orin ṣe ń ti ẹnu olórin wọ inú àwo.

Ní 1989, Shina Peters gbé àwo Ace jáde lọ́dọ̀ CBS ilẹ̀ Nàìjíríà. Laolu Akins ni pùródúsà rẹ̀. Shina Peters kì í ṣe àjèjì sí jùjú. Ó ti ta gìtá lẹ́yìn Prince Adékúnlé, ó sì ti bá Ṣẹ́gun Adéwálé dá ẹgbẹ́ Shina Adewale sílẹ̀ ní 1977, orúkọ tí àwọn náà fi ti ẹni méjì pọ̀ ṣe ọ̀kan. Ẹgbẹ́ yẹn kò lò ju nǹkan bí ọdún mẹ́ta lọ. Ní àkókò tí Ace jáde, fújì ti gba ìgboro lọ́wọ́ jùjú, àwọn ọ̀dọ́ sì ń wo jùjú bí orin àwọn bàbá wọn. Ace yí ọ̀rọ̀ padà. Ìlù rẹ̀ yá ju ti jùjú àtijọ́ lọ, ó mú iná fújì àti Afrobeat wọ inú jùjú, orúkọ tí wọ́n sì pè é ni Afro-jùjú. Ariwo rẹ̀ pọ̀ débi pé àwo tó tẹ̀ lé e ní 1990 ń jẹ́ Shinamania.

Kò yẹ kí a gba iṣẹ́ Shina Peters fún Laolu Akins. Ohùn, èdè, oríkì àti ijó inú Ace, ti jùjú ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó sídìí ẹ̀rọ ti lo ọdún mẹ́wàá nínú ẹgbẹ́ ẹni mẹ́ta tí ìlù ti gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ onílù mẹ́rin. Ó ti kọ́ bí a ṣe ń gbé ìlù síwájú nínú àwo kí béèsì má baà rì í, bí a ṣe ń ké orin gígùn kúrú láìpa á, àti bí a ṣe ń bá ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀ nípasẹ̀ ìró kí ọ̀rọ̀ tó dé. Ohun tí Ace ṣe fún jùjú nìyẹn. Ìmọ̀ tí òde àríyá kò fẹ́ ra lọ́wọ́ BLO ní àwọn ọdún 1970 ni òde àríyá wá ń jó sí ní 1989, láìmọ ibi tó ti wá.

Àgbálọgbábọ̀

Ìtàn BLO fi ohun méjì han ẹni tó ń ṣe ìwádìí lórí orin Yorùbá. Èkínní ni pé fífi èdè nìkan pààlà sí ohun tí à ń pè ní orin Yorùbá máa ń jẹ́ kí a sọ àwọn ènìyàn tó so ẹ̀ka kan mọ́ èkejì nù. Bí a bá ka Ace sí orin Yorùbá, tí a kò sì ka ilé-ẹ̀kọ́ tí pùródúsà rẹ̀ ti jáde sí, a ti gba èso, a sì ti gé igi. Èkejì ni pé ohun tí kò gbilẹ̀ lè ṣàlàyé ohun tó gbilẹ̀. Àìsí oríkì nínú orin BLO ló jẹ́ kí iṣẹ́ tí oríkì ń ṣe nínú ọrọ̀ ajé jùjú hàn.

Ọ̀rọ̀ náà sì ń fẹ́ ìkánjú. Nígbà tí ayé tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá orin wọn, láti òkè òkun ni ìpè ti wá. Ilé-iṣẹ́ Strut ní Lọ́ńdọ̀nù ló ṣe àkójọ orin BLO jáde ní 2001, Soundway sì gbé àkójọ rọ́ọ̀kì ilẹ̀ Nàìjíríà jáde ní 2008. Wọ́n ṣe é dáadáa, ṣùgbọ́n ìbéèrè àwọn olùrajà òkè òkun kì í ṣe ìbéèrè ìmọ̀ Yorùbá. Wọ́n fẹ́ mọ bí gìtá ṣe dún. Kò kàn wọ́n láti béèrè ọ̀nà tí onílù gbà kọ́ omele, bí ẹgbẹ́ ṣe pín owó, tàbí irú èdè tí wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nínú yàrá ìgbohùnsílẹ̀. Àwọn tó lè dáhùn ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ginger Baker kú ní oṣù kẹwàá 2019, Kẹ́hìndé Lijadu sì tẹ̀ lé e ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá kókó fún iṣẹ́ ìwádìí kò nílò láti rìn jìnnà. Àwọn olórin, àwọn tó ń bá wọn tún ẹ̀rọ ṣe, àwọn tó ń ta àwo àti àwọn tó ń jó nínú gbọ̀ngàn lọ́jọ́ náà, púpọ̀ wọn ṣì wà ní Èkó. Àwo á pẹ́ láyé ju ènìyàn lọ, ṣùgbọ́n àwo kì í dáhùn ìbéèrè.